Fáìlì Tó Bá Kọ̀ǹpútà Bàbá Lọ

Nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wa bọ̀ láti Òde Ùgbò ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan tí wọ́n jókòó níwájú mi. Àbúrò, ọkùnrin, gbé laptọ́ọ̀pù lé orókún, ó fi ọ̀rá bò ó nítorí omi tó ń ta sí wa lára.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò tíì ṣiṣẹ́."

"Ṣebí o ní gbogbo iṣẹ́ Bàbá ló wà nínú fíláàṣì yẹn?"

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ètò tí Bàbá kọ láyé ọjọ́un, táwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn fi ń sọ èdè Ìlàjẹ fún kọ̀ǹpútà, ni mò ń tún tò sórí ẹ̀rọ yìí. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ò ní wàhálà. Ìgbà tí mo bá ní kó so wọ́n pọ̀ ló ń kọ̀. Fáìlì kan ni gbogbo wọn ń pè. Wọ́n ń pè é lórúkọ, kò sẹ́ni tó ń dáhùn."

"Wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

"Bàbá fúnra wọn ló kọ ọ́. Inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì wọn ló wà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yíjú sí i.

"Èyí tó kàn mí nígbà tá a pín ẹrù wọn lẹ́yìn ìsìnkú?"

"Òun ni."

"Atẹ́gùn òkun ti mú un dípẹtà! Mo gbé e fáwọn tó ń fi ọkọ̀ ra irin kiri. Ìwọ náà lo bá mi gbé e."

"Mo bá yín gbé e."

"Kí lorúkọ tí wọ́n ń pè náà?"

"Orúkọ yín ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Orúkọ yín ni Bàbá fi sọ ọ́."

Obìnrin náà ò dáhùn títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀.