Ajá Tí Kì Í Gbó ní Pápákọ̀ Òfurufú

Nínú bọ́ọ̀sì Èkó tó ń dúró de èrò ní Orè, àgbẹ̀ àgbàlagbà kan láti Odigbo gbé èso kókó tútù kan lé itan, ó ń sọ fún obìnrin tó jókòó tì í pé Kánádà lòun ń lọ, kí ọmọ-ọmọ òun lè fojú rí ohun tó rán bàbá rẹ̀ níléèwé.

Obìnrin náà ti lọ síbẹ̀ rí. "Bàbá, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mú un wọlé. Àwọn aṣọ́bodè wọn ní ajá tó ń gbóòórùn ẹrù."

"Ṣé yóò bù mí jẹ ni?"

"Kì í tilẹ̀ gbó. Á kàn jókòó ti báàgì yín, wọ́n á sì ní kẹ́ ẹ tú u."

"Á kàn jókòó." Bàbá tún un wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. "Kí ni kókó ṣe fún wọn?"

"Wọ́n ní àrùn lè bá a wọlé, kó ran irè oko wọn."

"Háà! Òfin bàbá mi nìyẹn! Bí kókó ẹ bá ń rà dúdú, o ò gbọdọ̀ gbé àdá ẹ wọ oko wa ní Ajue. Àṣé odidi orílẹ̀-èdè ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n tún fi ajá ṣọ́ ọ!"

Ó fọ́ kókó náà mọ́ irin àga, ó pín in fún àwa èrò tá a jókòó nítòsí. A ń fẹnu fa omi dídùn ara kóró rẹ̀.

"Kí lẹ ó wá fi han ọmọ?"

"Ẹnu ni n ó fi ròyìn rẹ̀. Tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, kó máa bọ̀ ní Odigbo."