Ẹni Tó Bá Mi Gbe Orin ní Géètì Fákítìrì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí ohùn jáde lọ́nà ọ̀fun mi láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi wí pé "Ògo!" Ó tì, ẹ wí i kó dé ìta, kí àwọn tó tò fún búrẹ́dì ní òdìkejì títì gbọ́. Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á gbé ohùn tiyín náà ga.

Bàbá Gídíónì ni mí, èmi tí mo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí atẹ́gùn fáànù kì í dé. Mo gbọ́ ẹ̀rí Sista Bùkọ́lá lórí físà rẹ̀, mo sì bá a yọ̀. Tèmi kì í ṣe ti físà. Wọn kò jí mọ́tò mi, nítorí mi ò ní mọ́tò. Ohun tó ṣe mí ni pé ẹnu mi dí. Láti ìgbà tí a ti sin Rúùtù ìyàwó mi, mi ò lè gbàdúrà mọ́. Bí ẹ bá ń ṣe Àmín níbí, ẹnu lásán ni mò ń là. Ẹ̀yin rí ètè tó ń mì, ẹ rò pé bàbá ń jagun.

Kó tó lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀. Ìsọjí tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ̀ ní pátákó ńlá, ó ní àwòrán pásítọ̀ tó na ìka sókè. Èyí tí èmi mọ̀ kò ní pátákó. Ajíhìnrere Jeremáyà ló gbé e wá sí ìhà ibí. Ọmọ Èkìtì ni bíi tèmi, ó ń pe ilé ní ulé títí ó fi kú. Ìdí màṣíìnì ìhunṣọ ló ń dúró ní fákítìrì aṣọ kan lọ́nà Ìkẹjà, níbi tí èmi náà ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó fojú ara rẹ̀ rí ìsọjí tó ràn ní ilẹ̀ òkè bí iná ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní àwọn ajíhìnrere ayé ọjọ́un kò ní ju agogo àti Bíbélì lọ. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn láti ìlú dé ìlú, àwọn ènìyàn a sì ká ẹní, wọn a ru ìkòkò omi, wọn a tẹ̀lé wọn. Ìyá rẹ̀ tí kò lè dìde nílẹ̀, àdúrà ni wọ́n fi gbé e dìde, ó sì gbé odó fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Jeremáyà wá dé Èkó, tó rí i bí èrò ṣe ń rọ́ wọ fákítìrì láàárọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kí ẹnikẹ́ni, ó ní, "Gídíónì, aginjù tí Bíbélì ń wí ni ibí yìí."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ Ẹgbẹ́ Ìdájí. Ní ìdájí, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ òru bá ń jáde, tí ti àárọ̀ bá ń wọlé, àwa a dúró sí géètì pẹ̀lú agogo. Zakaráyà wà níbẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ga bí òpó iná. Fẹ́bè wà níbẹ̀, tó ń bu oúnjẹ ní káńtínì. Ẹ́sírà wà níbẹ̀, akólòlò tí kì í kólòlò bó bá ti ń kọrin. Rúùtù náà wà níbẹ̀, mi ò tíì fẹ́ ẹ nígbà náà, ojú ni mo fi ń wò ó.

Orin ìwé ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá ń kọ nígbà yẹn, ohùn òyìnbó ni wọ́n sì ń fi kọ ọ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: orin á gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ sọ̀kalẹ̀, ọkọ á di ọkọ̀, igbá á di igba. Jeremáyà ní Ẹ̀mí Mímọ́ kì í ṣi ohùn. Ó ṣe orin tiwa, tó bá ẹnu wa mu. Ẹni kan á lé e:

*Ta ní ń kanlẹ̀kùn ní kùtù hàì?*

Àwọn tó kù á gbè é:

*Olúwa mi ni, ẹ ṣílẹ̀kùn o.*

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni mo máa ń lé e. Orin yẹn ló sì ń ṣí àdúrà wa. Jeremáyà fi òfin kan sí i: ẹnì kan kò gbọdọ̀ dá a lé kó tún dá a gbè. Ó ní ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ tó tún ń dá ara rẹ̀ lóhùn, wọ́n ń wá okùn bọ̀ fún un. Bí ẹlẹ́gbè kò bá sí, orin dúró. Bí orin bá dúró, àdúrà kò ṣí.

Ọ̀pọ̀ ọkàn yí padà ní géètì yẹn. Lẹ́yìn náà, fákítìrì kógbá sílé. Wọ́n tú àwọn màṣíìnì, wọ́n kó wọn lọ, inú ọgbà náà di ibi tí wọ́n ń kó táìsì ilẹ̀ ilé sí. Jeremáyà kú sí Èkìtì. Zakaráyà tẹ̀lé e. Fẹ́bè kú, Ẹ́sírà kú, a sì kọrin sin wọ́n. Ó wá ku èmi àti Rúùtù, ènìyàn méjì níwájú géètì tí òṣìṣẹ́ kankan kò wọ̀ mọ́. Àwọn tó ń kọjá á béèrè pé ta la ń wàásù fún. Rúùtù á ní, "Géètì ni. Ó ti gbọ́ ìwàásù ju ẹ̀yin lọ, kò sì tíì sùn rí."

Rúùtù lọ ní àkókò òjò tó kọjá. Kò ṣàìsàn púpọ̀. Mo sin ín, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ gbìyànjú. Nígbà tí ilé dá, mo jí ní ìdájí, mo lé orin. Ta ní ń kanlẹ̀kùn ní kùtù hàì? Mo dúró. Fìríìjì nìkan ló ń kùn. Ẹ̀yin ará, ẹ má rẹ́rìn-ín o, mo jókòó lórí ibùsùn, mo ń wo ilẹ̀kùn.

Mo lè kọ́ yín ní orin náà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní kíbọ́ọ̀dù, ẹ ní orin tiyín, ojú sì ń tì mí láti bẹ̀ yín.

Fúnkẹ́ ọmọ mi tó ń gbé ní Omole wá bá mi. Ó ní, "Dádì, ẹ kó ẹrù yín ká máa lọ. Kí lẹ tún ń wá lÁgége? Ta ló kù?"

Mo ní, "Géètì kù."

Ó ní, "Ẹ̀hẹ́n! Kí géètì máa se ọbẹ̀ fún yín nígbà yẹn."

Ọmọ dáadáa ni. Nígbà tí mo sọ ti orin fún un, ó gbé fóònù mi, ó kọrin sínú rẹ̀. "Mo ti record ẹ̀, Dádì. Tẹ́ ẹ bá ti lé e tán, ẹ tẹ ibí." Mo lé e, mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn Fúnkẹ́ sáré jáde bí ẹni tí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ fẹ́ fi sílẹ̀, ó gbè é tán kí n tó mí. Nígbà tí mo fẹ́ tún un ṣe, àwọn ilé iṣẹ́ fóònù tó ń polówó orin ìpè ló pè wọlé, wọ́n ní kí n tẹ nọ́ńbà kan. Mo pa fóònù.

Mo wá sọ ọ́ nínú ọkàn mi, nítorí ẹnu kò gbé e: Olúwa, màá lọ sí géètì lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mi ò bá rí ẹlẹ́gbè, màá gbé agogo fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, màá tẹ̀lé Fúnkẹ́, màá sì dákẹ́ títí Ìwọ yóò fi pè mí.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí mo débẹ̀. Mo lu agogo. Mo lé e. Kò sí nǹkan kan. Ajá kan wò mí, ó yí ojú rẹ̀ kúrò. Mo tún un lé. Mo ti ń yí padà nígbà tí ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn ògiri:

*Ẹlẹ́kọ wa ni, ẹ gbábọ́ wá o!*

Ṣé ẹ ń rẹ́rìn-ín? Inú bí mi! Nígbà ayé fákítìrì, àwọn alábàárù tó ń kó ìdì aṣọ sí tírélà ló máa ń fi orin wa ṣe yẹ̀yẹ́ báyẹn. Jeremáyà ti ṣe orin tó bá ohùn ẹnu mu, ohun tí kò rò ni pé ohùn "Olúwa mi" àti ohùn "ẹlẹ́kọ wa" rí bákan náà. Àwọn ọmọ aráyé rí i kíákíá. Bí a bá ti lé e, kí a tó gbè é, wọ́n á ti pe ẹlẹ́kọ.

Mo ní, "Ta nìyẹn? Ta ló ń fi nǹkan Ọlọ́run ṣeré ní kùtùkùtù?"

Ohùn náà ní, "Ta ló ń lu agogo sí mi létí ní kùtùkùtù?"

Ilẹ̀kùn kékeré ara géètì ṣí. Bàbá arúgbó kan yọ jáde, fìlà lórí, ẹ̀wù sikiọ́rítì tó fẹ̀ jù ú lọ lọ́rùn, bútà omi lọ́wọ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Háà! Alágogo! Ẹ ṣì wà? Mo ti rò pé gbogbo yín ti dé ọ̀run tí ẹ ń wí."

Mo ní, "Wọ́n ti dé ibẹ̀. Èmi ló kù. Ìwọ ta ni?"

"Mùráínà ni. Mùráínà alábàárù. Ìlúpéjú ni mo ti ń ṣọ́ ilé ẹrù tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wá síbí ni. Èmi gan-an ni mo fi ẹlẹ́kọ sí i." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ oyè rẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé Fẹ́bè sunkún nítorí ẹlẹ́kọ rẹ yẹn?"

"Fẹ́bè oníkáńtínì? Ṣé ẹ mọ iye ẹran tó yọ kúrò nínú abọ́ mi? Èmi àti ẹ̀ ò jẹ ara wa ní gbèsè o!"

Ẹ̀rín fẹ́ mú mi, mo gbé e mì. Mùráínà sún mọ́ mi. Ó ní, "Ìyá ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ńkọ́?"

"Ìyá wo?"

"Èyí tó máa ń kẹ́yìn orin. Bí gbogbo yín bá gbè é tán, òun á tún fa 'o' kan, á rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni gbé garawa lé ilẹ̀. Àwa tó wà lórí tírélà, 'o' yẹn là ń dúró dè. Bó bá ti sọ̀ ọ́, àwa a gbẹ́rù." Ó gbé bútà sílẹ̀, ó ṣe é. Ohùn rẹ̀ ha, ṣùgbọ́n bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí Rúùtù ṣe máa ń ṣe é gan-an nìyẹn.

Mo ní, "Ìyàwó mi ni. A ti sin ín."

Ó ní, "Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa, ẹ lé e. Ẹ jẹ́ ká gbè é fún un."

"Ṣebí ẹlẹ́kọ nìkan lo mọ̀."

"Ẹlẹ́kọ náà ni màá fi gbè é. Inú rẹ̀ á dùn. Ó máa ń rẹ́rìn-ín."

"Rúùtù? Rúùtù kò rẹ́rìn-ín sí i rí!"

"Ẹ̀yin lẹ kọjú síwájú, ẹ̀ ń lu agogo. Gèlè ló fi ń bojú. Àwa tó wà lókè rí i."

Ẹ̀yin ará, mo gbé pẹ̀lú obìnrin yìí títí irun wa fi funfun, mi ò mọ̀. Mo lé orin náà. Mùráínà pe ẹlẹ́kọ, ó sì fa 'o' náà, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nǹkan tó dí mi lẹ́nu bá tú. Mo ṣí ẹnu, mo ní, "Olúwa, ilé dákẹ́ jù." Gbogbo àdúrà mi nìyẹn. Ẹkún gba èyí tó kù. Mùráínà ní "Àmín!" kíkankíkan, ó di apá mi mú títí mo fi dákẹ́. Nígbà tí wọ́n pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí, ó gbé bútà rẹ̀, ó wọlé lọ kírun tirẹ̀.

Sista Bùkọ́lá ti bi mí bóyá mo ti pè é wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò tíì pè é. Òun náà kò tíì pè mí sí mọ́ṣáláṣí. Àwa méjèèjì wà níbẹ̀ ní ìdájí, mo ń lé, ó ń gbè. Mo ti gbìyànjú láti kọ́ ọ ní èyí tó tọ́. Ó ní ahọ́n òun ti gan.

Ẹ gbọ́ ti òní kí n tó jókòó. Orúnkún ń dùn mí láàárọ̀ yìí, mo pẹ́. Mi ò tíì yọ sí géètì nígbà tí mo gbọ́ ohùn Mùráínà. Ó ti rò pé mi ò ní wá mọ́, ó sì ti ń lé e fúnra rẹ̀ sí ojú títì tó ṣófo: Ta ní ń kanlẹ̀kùn ní kùtù hàì? Ó lé e, ó dúró. Mo mọ ìdúró yẹn. Èmi tí kò gbè é rí láyé mi, mo dúró níbi tí mo wà, mo gbè é: Olúwa mi ni, ẹ ṣílẹ̀kùn o. Mo sì fa ti Rúùtù sí i, mo rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mùráínà kígbe láti ọ̀ọ́kán pé, "Ẹ kú ewu o! Ẹ̀rù ti ń bà mí!"

Ilé mi ṣì dákẹ́, mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Àwo oúnjẹ kan ṣoṣo ni mò ń fọ̀. Ṣùgbọ́n mò ń gbàdúrà. Ẹ bá mi gbé ògo fún Ọlọ́run tó fi ẹnu ẹlẹ́yà dá mi lóhùn. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ará mi, ẹ yọ̀ kó dé ìta.