Ẹ̀yin Ń Ka Wákàtí

Nínú ọkọ̀ tó ń retí èrò lọ sí Ìyàrà ní gáréèjì Kàbà, nọ́ọ̀sì kan àti ọkùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn wọn jókòó sẹ́yìn mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ètò tó ń ṣọ́ àwọn kọ̀ǹpútà wa ti gbó," ni ọkùnrin náà wí. "Olè lè gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Lọ́la, a máa pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ká fi tuntun sí i. Wákàtí kan péré ni."

"Wákàtí kan náà lẹ wí lọ́jọ́sí. Aboyún kan dákú níwájú mi. Inú kọ̀ǹpútà ni orúkọ oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà wà, kò sì tíì ṣí padà. Ọkọ rẹ̀ ló gun ọ̀kadà lọ mú káàdì ìtọ́jú rẹ̀ àtijọ́ wá láti Ògìdì."

"Ṣé ó yè?"

"Ó yè. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń ka wákàtí, èmi ń ka èémí."

Gbólóhùn yẹn wọ̀ mí lára. Ọkùnrin náà fa fóònù yọ, ó pe ẹnì kan níbi iṣẹ́ wọn.

"Ẹ má pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Ọ̀kan la ó kọ́kọ́ ṣe, kí àwọn yòókù máa ṣiṣẹ́ lọ. Tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa ni ká tó kan èkejì. Bó gba ọ̀sẹ̀ kan, kó gbà á."

"Okun o," ni nọ́ọ̀sì náà fi kí i, bí àwọn ará Kàbà ṣe máa ń kí ènìyàn kú iṣẹ́.