Òrùka Ẹsẹ̀ Ẹyẹ Funfun

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ó tó rẹ̀ mí ju báyìí lọ. Èmi Ọlátúnjí, àgbẹ̀ ìlú Ifisin, ọdún méjì ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí sínú, ó sì ti sú mi. Ẹ gbé omi yẹn kúrò, òùngbẹ kọ́ ló ń gbẹ mí. Esther, ìwọ ni kí o sún mọ́ mi, ìwọ ni mo ṣẹ̀.

Gbogbo yín mọ Esther, akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń gun ọ̀kadà wá láti Ọ̀yẹ́ láti wo ẹyẹ lóko mi. Ìparí oṣù kẹta ni, òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sórí ilẹ̀ tí mo sun. Ó sáré bá mi nídìí kòkó. "Bàbá, ẹ wá wò ó!" Ẹyẹ funfun gàgàrà ni, ẹnu pupa, ẹsẹ̀ pupa, òrùka sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ti fi òrùka sí i, pé ó ń padà síbẹ̀ ni, pé òun ò gbọ́ ọ rí pé wọ́n rí irú rẹ̀ lágbègbè wa. Fóònù rẹ̀ ti kú, kò rí fọ́tò yà. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi ṣọ́ ọ, kí n lọ pe ọ̀gá ẹgbẹ́ àwa tó ń wo ẹyẹ wá." Ó so màrìwò mọ́ igi kékeré kan, ó rì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín: "Mo ti pààlè sí i o!" Èmi ni mo kọ́ ọ pé bí a bá rí ààlè lórí igi ìdáná ẹlòmíì, a kì í fọwọ́ kàn án.

Kúnlé ọmọ mi ń bọ̀ láti Èkó wá ṣọdún Àjíǹde, kò sì sí ẹran nílé. Ká ní ebi ń pa mí ni, ǹ bá rí wí. Ọ̀kánjúà ni. Ìbọn kan ṣoṣo ni mo yìn.

Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ dé, ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà rí i?" Esther ń wò mí lójú. Mo ní, "Ẹyẹ wo? Ọmọ yìí ò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀, òòyì ló ń kọ́ ọ." Ẹnu mi yìí! Ọkùnrin náà pòṣé, ó ní ẹni tó ń rí ohun tí kò sí kò lè bá àwọn ṣe é. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Ọmọ náà jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa, ó ń sunkún. Olóògbé ìyàwó mi, Fẹ́yìsayọ̀, tí kò mọ nǹkan kan, ní, "Wọlé sí ulé, ọmọ mi, wá jẹun." Ó bu iyán fún un, ó fi ẹran méjì sí i. Esther jẹ ẹ́. Ó nu ojú, ó ní, "Màmá, ẹran yìí mà dùn o. Ẹran kí ni?" Kíá ni mo dáhùn: "Àkùkọ ni." Òrùka wà lápò ṣòkòtò mi. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!

Àtọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Aríran nínú ẹgbẹ́ wọn, títí ó fi pa ẹyẹ wíwò tì. Síbẹ̀ ó ń gbé búrẹ́dì wá kí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jókòó síbi tó jókòó sí yìí, ó ní, "Bàbá, bóyá òòyì ni lóòótọ́." Mi ò sùn mọ́ látìgbà náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá jí ewúrẹ́, ẹ lè san án padà. Ojú ọmọ ọlọ́mọ ni èmi jí. Esther, bí o bá lè dárí jì mí, dárí jì mí. Bí o ò bá lè, mi ò bínú. Tẹ́ ọwọ́ rẹ. Òrùka náà nìyí. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Kà á sókè, kí gbogbo wọn gbọ́.