Tẹlifóònù Ilé Tí Mi Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà láàárọ̀ yìí nígbà tí ọkọ mi bá mi sọ̀rọ̀ kan, tó sì jáde lọ. Mi ò lè ṣà á mọ́. Òkúta àti ẹ̀wà ti di ọ̀kan náà lójú mi. Mo gbé atẹ náà sílẹ̀, mo wá ìwé àti bírò, mo jókòó láti kọ èyí sí yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ ara mi. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni mí. Apápá ni a ń gbé báyìí, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni mo ti bí àwọn ọmọ mi. Ẹrù kan wà lọ́kàn mi tí mo ti ń gbé fún ọdún púpọ̀. Mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa, mi ò sọ ọ́ fún àbúrò mi. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún, nítorí mi ò lè wo ojú ẹni tó mọ̀ mí kí n sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ilé wa ni.

Iṣẹ́ ọkọ mi ni kó máa bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté. Nígbà tí iṣẹ́ náà wá di ohun tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, ó ní ká gba íńtánẹ́ẹ̀tì sílé, kí òun lè máa fi ìwé ẹrù ránṣẹ́ láti ilé. Ilé iṣẹ́ tó tà á fún wa ní tẹlifóònù wà pẹ̀lú rẹ̀, ojú kan náà ni a ó sì máa san owó méjèèjì sí lóṣooṣù. Wọ́n gbé àpótí kékeré kan tó ń tan iná wá, wọ́n gbé fóònù funfun kan tì í. Fóònù náà kì í lo wáyà orí òpó. Nítorí náà, nígbà tí a kó kúrò ní Ajégúnlẹ̀, òun àti nọ́ńbà rẹ̀ bá wa wá sí Apápá.

Bọ́sẹ̀, àkọ́bí mi, ló kọ́kọ́ há nọ́ńbà yẹn sórí. Ó máa ń fi kọrin bó bá ń fọ abọ́.

Bọ́sẹ̀ fẹ́ràn awakọ̀ kan. Ọmọkùnrin náà ń wa tírélà tó ń kó kọ̀ǹténà láti èbúté lọ sí Òkè Ọya. Ní Malu Road, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, ni wọ́n ti pàdé. Nígbà tí oyún dé, ó mú un wá sílé. Ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọkọ mi ò ní kó dìde.

"Àwọn tí mò ń bá jà lójoojúmọ́ ní Wharf Road torí pé wọ́n ń fi ẹrù mi ṣeré," ló wí, "ọ̀kan nínú wọn ló fẹ́ di àna mi? Bọ́sẹ̀, ṣé kò sí ọkùnrin tó ń wọ ṣòkòtò tó mọ́ ní gbogbo Èkó ni?"

Bọ́sẹ̀ náà ò dákẹ́. Ẹnu rẹ̀ mú bíi ti baba rẹ̀. "Dádì, òróró ẹ́ńjìnnì ló wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Kò pààyàn."

Ìyẹn ló bà á jẹ́ pátápátá. Ọkọ mi ní kó tẹ̀ lé e lọ, kó má padà wá. Ó gba fóònù alágbèéká mi, ó yọ síìmù inú rẹ̀, ó fi eyín gé e. Ó ní ẹni tó bá bá Bọ́sẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ilé òun, kó máa tẹ̀ lé Bọ́sẹ̀ lọ. Nọ́ńbà ọmọ mi bá síìmù yẹn lọ. Mi ò há a sórí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tún ń há nọ́ńbà sórí nígbà tí fóònù ti ń bá wa tọ́jú rẹ̀?

Kò pẹ́ sígbà náà la kó wá sí Apápá. Bọ́sẹ̀ ò mọ ilé tuntun. Mo yọ́ lọ sí yàrá tí ọmọkùnrin yẹn ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, wọ́n ní àwọn méjèèjì ti kó lọ. Nọ́ńbà tẹlifóònù ilé nìkan ló kù láàárín èmi àti òun.

Ó pè. Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rèé. Ọmọ mi pè.

Ọjọ́ Àìkú ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ọkọ mi ń jẹun ní pálọ̀. Òun ló máa ń gbé fóònù yẹn nítorí iṣẹ́ rẹ̀, àfi bó bá ń jẹun. Èmi ni mo gbé e.

"Mọ́mì, èmi ni. Ẹ má pariwo o. Mo ti bímọ. Obìnrin ni, imú yín gan-an ló gbé wá. Ọ̀la la máa sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ fún mi lórúkọ kan, Mọ́mì, ẹ̀yin àti Dádì. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa pe orúkọ ọmọ mi kó má sí tiyín níbẹ̀."

Ọkọ mi gbójú sókè. "Ìyá Fẹ́mi, ta ni?" Orúkọ àbúrò Bọ́sẹ̀ ló ti fi ń pè mí nígbà náà.

Mo sọ sínú fóònù pé, "Rárá o, ẹ ṣi nọ́ńbà pè ni. Kì í ṣe ibí."

Mo gbé e sílẹ̀.

Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Mo rò pé Bọ́sẹ̀ á mọ̀ pé baba òun wà nítòsí, pé á tún pè. Lọ́jọ́ kejì, bí ọkọ mi ti jáde, mo pe nọ́ńbà tó kù lójú fóònù náà. Ọkùnrin kan ló gbé e.

"Madam, na call centre be this o," ló sọ. "For motor park, for Jẹ́bbà. People wey dey call here plenty pass sand."

Mo bi í léèrè ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní awakọ̀ ló ń wá síbẹ̀, kì í ṣe ìyá ìkókó.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà nìyẹn. Mo jókòó ti fóònù títí ilẹ̀ fi ṣú. Bọ́sẹ̀ ò pè mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo tún dá ẹ̀ṣẹ̀ kejì. Èmi ni mo máa ń lọ san owó íńtánẹ́ẹ̀tì náà. Nígbà tó yá, gbogbo èèyàn ti ń pe ọkọ mi sórí fóònù alágbèéká. Ọmọbìnrin tó ń gba owó sọ fún mi pé, "Mọ́mì, ẹ ò lo fóònù ilé yìí mọ́ kẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́, kẹ́ ẹ máa san ti íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ó máa fúyẹ́ fún yín." Mo ní kó fi sílẹ̀. Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé wọ́n ní bí fóònù bá lọ, íńtánẹ́ẹ̀tì náà máa lọ. Ó gbà mí gbọ́. Kódà nígbà tí iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ní èbúté, tó jẹ́ pé gààrí nìkan là ń mu, mo wò ó níran, ó ń san owó irọ́ mi.

Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé nǹkan lé fóònù náà. Tí n bá wà nílé nìkan, mo máa ń gbé e sétí láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń hùn. Fẹ́mi, àbúrò Bọ́sẹ̀, wá a lórí Fésíbúùkù títí. Èmi àti òun la jọ jókòó, à ń wo fọ́tò àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Síbẹ̀ mi ò sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pè rí.

Mo ti fún ọmọ náà lórúkọ. Àbẹ̀kẹ́ ni mò ń pè é nínú ara mi. Á ti máa lọ síléèwé báyìí. Bí àwọn ọmọ tó wọ aṣọ iléèwé bá ń kọjá, imú wọn ni mo máa ń wò.

Láàárọ̀ yìí, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà wá pààrọ̀ àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì wa. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilé ìdáná. Ó ní, "Dádì, ṣé ká yọ fóònù yìí? Ó ti pẹ́ tó ti ṣeé yọ. Ẹ kàn ń da owó nù ni."

Mo mọ̀ pé àṣírí ti tú.

Ọkọ mi dáhùn pé, "Ṣé owó baba ẹ ni? Fi sílẹ̀ bó ṣe wà."

"Dádì, mi ò bá yín jà o."

"Mo ti ní kó o fi sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ṣeé yọ. Mo ti mọ̀ tipẹ́."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ fún un, ṣé a ó tún lè jọ jókòó ní pálọ̀ yẹn? Bí mi ò bá sọ, ọkùnrin yìí á máa bínú sí ọmọ tí kò ṣẹ̀ ẹ́ títí di ọjọ́ ikú. Bọ́sẹ̀, bí o bá rí èyí kà, nọ́ńbà náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Dárí jì mí. O ò ṣi nọ́ńbà pè.

Nígbà tí òṣìṣẹ́ náà lọ tán, ọkọ mi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò wo ojú mi. Orúkọ tó pè mí, kò pè mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti lé ọmọ wa jáde. Ó ní:

"Ìyá Bọ́sẹ̀, ká ní ọmọ yẹn pè wá rí, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, ìbínú mi ì bá ti tán."