Iná tí Bàbá Sójà dá sí Búrò Pobè

Ṣé ẹ̀rọ yẹn ti ń gba ohùn mi, Násírù? Ó dára. Ẹ súnmọ́ mi, gbogbo yín. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí pé kí ló ṣe bàbá yín àgbà lọ́wọ́, tí ìka rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ra wọn bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò yẹn. Mo máa ń ní iná ni. Iná ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló dá a? Kí ló dé tó fi dá a? N kì í sọ ìyẹn. Lónìí, n ó sọ ọ́.

Ọmọge ni mí nígbà náà, n kò tíì wá sí Sakété níbí, n kò tíì mọ ilé ọkọ. Abúlé wa ni mo wà, lẹ́yìn Pobè, láàárín àwọn Ọ̀họ̀rí. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé… Ẹ gbọ́, ẹ kò lè mọ bí ó ti rí. Òyìnbó ti lọ, a ní ọmọ wa ló kù tó jókòó sórí àga. Bí ẹnìkan bá ti so táì mọ́ ọrùn, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú bíi tiwa, ó parí, a ti gbà á gbọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Bí ìjọba bá ní òjò ń rọ̀ lónìí, ẹ ó kọ́kọ́ na ọwọ́ síta wò. Àwa kò na ọwọ́ kankan.

Bàbá mi ní àbúrò kan, Ògúntólá. Bàbá Sójà là ń pè é, nítorí ó bá Faransé jagun lókè òkun, ó sì gbọ́ èdè wọn bọ̀. Àgbà mi ni, "wọn" ló yẹ kí n máa pè é, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, n ó máa pè é ní "ó". Kó foríjì mí. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Bí adìẹ bá wọ yàrá rẹ̀, kì í sọ ọ́ lókùúta, á máa bẹ̀ ẹ́ ni pé kó jọ̀wọ́ kó jáde. Òun nìkan ló gbọ́ Faransé ní gbogbo abúlé. Bí aláìsàn bá ń lọ sí lópítà, òun ni. Bí jàndáámù, ọlọ́pàá ìjọba, bá dé, òun ni. Òun ni ẹnu abúlé. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: ó ń gbọ́ Faransé o, kò lè kà á.

Ọ̀gá kan wá láti búrò, ọ́fíìsì ìjọba, ní Pobè. Akọ̀wé kan tẹ̀ lé e, ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọmọ oníṣòwò Mùsùlùmí láti Sakété. Rafíù ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Bàbá yín àgbà ni. Òun ló fi ẹ̀rọ tẹ ìwé tí ọ̀gá gbé wá.

Ọ̀gá sọ̀rọ̀, Bàbá Sójà ń túmọ̀. Ó ní ìjọba fẹ́ gbin ọ̀pẹ tuntun sí ilẹ̀ wa. Ó ní ilẹ̀ náà, tiwa ni títí láé. Ó ní wọn kò ní fọwọ́ kan igi obì àwọn bàbá wa. Àwọn àgbà ń wo ara wọn. Bàbá Sójà wá fi tirẹ̀ kún un. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, kì í ṣe òyìnbó nìyí mọ́. Ọmọ wa ni."

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde, ìyá àgbà tèmi nìyẹn. Ó ní, "Bí ọmọ mi bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni." Ó ki àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ síwèé. Gbogbo abúlé tẹ̀ lé e.

Ọdún kò yí po tí katapíla fi dé. Igi obì tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi… gbì! gbì! Bàbá Sójà dúró síwájú ẹ̀rọ náà, ó ń pariwo lédè Faransé títí ohùn rẹ̀ fi há. Jàndáámù kan ka ìwé sí i létí: ilẹ̀ ti di ti ìjọba, gbogbo abúlé ló sì fọwọ́ sí i. Ó ní, "Ìtẹ̀ka ìyá rẹ ló wà lókè pátápátá yìí."

Ìyá àgbà jáde. Ó wo oko. Kò sunkún, kò ṣépè. Ó ní, "Ògúntólá, ṣé bí o ṣe gbọ́ ọ nìyẹn?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn."

Ìyá àgbà kàn mi orí, ó wọlé. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún ní kó túmọ̀ nǹkan kan. Bí ìwé bá dé, wọn á gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, wọn á fẹsẹ̀ rìn dé Pobè lọ wá ẹni tí yóò kà á. Kò sí zẹ́mí, ọ̀kadà yìí, nígbà náà o, ẹsẹ̀ ni! Ẹnikẹ́ni kò bú u. Ìbá sàn kí wọ́n bú u.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, ní ọ̀sán gangan, lásìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń lọ sinmi. Ọjà Pobè ni mo wà. A rí èéfín. A sáré. Búrò ìjọba ló ń jó! Mo rí Bàbá Sójà lábẹ́ igi níwájú rẹ̀, bídọ́ọ̀nù ẹsáǹsì, epo ọkọ̀, wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò sá. Ó jókòó, ó ń wo iná bí ẹni tó ń wo ìsìnkú.

Àfi bí ohùn kan ṣe ké nínú ilé: "Ẹ gbà mí o!"

Rafíù ni. Kò lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ ló há a mọ́lé. Mo rí ojú bàbá kékeré mi nígbà tó gbọ́ ohùn yẹn. Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò lè ṣàpèjúwe rẹ̀. Ó dìde, ó wọ inú iná tí òun fúnra rẹ̀ dá. Ó wọ inú rẹ̀! Àwọn jàndáámù dúró síta, àwọn ọkùnrin dúró síta. Nígbà tó jáde, irùngbọ̀n rẹ̀ ń jó, Rafíù wà léjìká rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ṣí fìlà, ó fi ṣe ìrọ̀rí fún un. Ó wá na ọwọ́ méjèèjì sí jàndáámù. Ó ní, "Èmi ni."

Àwọn kan ní ẹgbẹ́ òṣèlú ló rán an. Àwọn kan ní Nàìjíríà ni. Wọ́n nà án, wọ́n ní, "Ta ló rán ọ?" Ó ní, "Ẹnu mi ló rán mi." Wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Bàbá mi pè mí, ó ní, "Ọmọ ilé wa ló sun ọmọ ọlọ́mọ. Ilé wa ni yóò tọ́jú rẹ̀." Ó gbé oyin àti ẹ̀kọ fún mi, mo lọ sí ilé ìwòsàn. Rafíù ní, "Ọmọ ta ni ọ́?" Mo ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni tó sun yín ni mí." Ó wò mí pẹ́… pẹ́. Ó wá ya ẹnu, mo fi ẹ̀kọ sí i.

Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti ṣẹjọ́ náà. Adájọ́ bi Bàbá Sójà pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹnu mi ni wọ́n fi gba ilẹ̀ ìyá mi. N kò lè kó ọ̀rọ̀ ẹnu mi padà. Mo ní kí n lọ sun àtàǹpàkò wọn kúrò nínú ìwé." Kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn yíjú sí Rafíù, ó ní, "Tìrẹ ni n kò mọ̀, ọmọ mi. N kò mọ̀ pé ènìyàn wà nínú ilé."

Wọ́n wá pe Rafíù. Gbogbo wa ń retí kó ní kí wọ́n pa á. Ó gbé ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ wé sókè. Ó ní, "Èmi ni mo tẹ ìwé náà. Mo gbọ́ ohun tí ọ̀gá fẹnu sọ, mo gbọ́ bí bàbá yìí ṣe túmọ̀ rẹ̀ láìyẹsẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ohun tó wà nínú ìwé. Mo dákẹ́. N kò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi."

Adájọ́ gbójú sílẹ̀.

Wọ́n ṣì sọ Bàbá Sójà sẹ́wọ̀n ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Iná ni iná í jẹ́, ènìyàn sì jóná. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Rafíù náà. Ìwé yẹn ńkọ́? Háà! Ìwé kejì wà ní Kùtọ̀nú. Gbogbo àtàǹpàkò wa ló pé síbẹ̀. Iná náà kò gba ẹ̀bù iṣu kan padà fún wa.

Nígbà tó jáde lẹ́wọ̀n, ìyá rẹ̀ ti kú. Mo ti di ìyàwó Rafíù, ọ̀dọ̀ wa ní Sakété níbí ló kọ́kọ́ yà sí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Bàbá yín àgbà ló jáde lọ mú un. Inú abọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ti jẹun. Bàbá Sójà ń yọ egungun ẹja fún un, nítorí ìka rẹ̀ kò lè yọ ọ́. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, omi ń bọ́ lójú mi.

N kò yin iná o. Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé iná dára. Ọdún méje ni mo fi ń fi oúnjẹ sí bàbá yín àgbà lẹ́nu kó tó lè di ṣíbí mú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ lọ sílé ìwé, tí ẹ ń gbọ́ èdè ìjọba, tí ẹ sì lè kà á, bí wọ́n bá ń ka irọ́ sí arúgbó létí níṣojú yín, ẹ lanu. Ẹ lanu kí ọ̀rọ̀ tó di ẹsáǹsì.

Ẹni tó dá iná náà, ẹ̀jẹ̀ mi ni. Ẹni tó dákẹ́, mo bímọ fún un. Mo ti sin àwọn méjèèjì… n kò sì tíì mọ èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú iná yẹn àti ìdákẹ́ yẹn.