Ogún Mílíọ̀nù Lórí Fàtáì

Hasanat, pe àwọn àbúrò rẹ wọlé, kí ẹ jókòó tì mí. Dókítà ti sọ tẹnu rẹ̀, mi ò sì ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń wá ẹni tó pe ọlọ́pàá sí ìyá yín. Èmi Fàtáì ni, àbúrò wọn.

Ẹ rántí ìgbà tí rédíò ń pariwo pé mo wà lára ajínigbé, pé ẹni tó bá fi mí hàn yóò gba ogún mílíọ̀nù náírà. Mi ò jí ẹnikẹ́ni gbé. Mọ́tò mi ni mo fi gbé àwọn èèyàn náà, mi ò sì béèrè iṣẹ́ wọn. Mo sá wá bá ìyá yín ní Erunmu, wọ́n fi mí pamọ́ sí yàrá tí wọ́n ń kó àgbàdo sí. Láti ìgbà náà, mi ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ọ̀kadà bá dúró lójú ọ̀nà, màá sá sẹ́yìn àgbàdo. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, màá ní, "Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò." Wọn á bu òkèlè kan, wọn á ní, "Fàtáì, èmi tí mo pọ̀n ẹ́ dàgbà?" Ojú ò tì mí. Òrùlé wọn tó ń jò ni mò ń wò, mò ń rò ó pé wọ́n lè fi ogún mílíọ̀nù orí mi tún un ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí fóònù: "Ó wà níbí. Ẹ tètè máa bọ̀ kó tó fura." Mo gba ojú fèrèsé jáde. Nínú oko ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìn ilé ni mo ti pe nọ́ńbà tí rédíò fún aráàlú. Mo yí ohùn padà, mo dárúkọ ìyá yín, mo ní Mùjíbátù ló ń tọ́jú ìbọn fún àwọn ajínigbé. Mo fẹ́ kí ọlọ́pàá gbájú mọ́ wọn, kí n ráyè sá. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Mo lúgọ, mo ń wò. Ọlọ́pàá dé yàrá àgbàdo, wọ́n béèrè pé, "Ta ló ń sùn níbí?" Ìyá yín ní, "Àgbàdo la kó síbẹ̀." Wọn ò dárúkọ mi títí tí ọlọ́pàá fi gbé wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni Josiah, lọ́yà tó ń gbé ní Alakia, dé. Ó ní òun ni ìyá yín pè lórí fóònù. Ó fẹ́ mú mi lọ jọ̀wọ́ ara mi, kí ẹnikẹ́ni má baà yìnbọn pa mí. Mo tẹ̀lé e lọ. Ó ṣì ń sáré kí ọlọ́pàá tú wọn sílẹ̀ nígbà tí ìyá yín kú sí àtìmọ́lé. Òun náà ló gbẹjọ́ mi rò títí adájọ́ fi dá mi láre, tí ẹ fi wá ń ṣe sàráà nítorí mi. Mo jẹ níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ṣáà má sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.